Awọ ló ń kú, fèrè kì í sábà kú: bí dùùrù onífèrè ṣe ń padà fọhùn

Bí dùùrù onífèrè kékeré bá ti dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mélòó kan, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé fèrè rẹ̀ ti kú, ẹ jẹ́ ká tú u kúrò, ká ra kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Fèrè olójé àti fèrè onígi lè lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Awọ ló máa ń kú.

Ẹ wo ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: àpò awọ ni, tó bá lu, iná kò ní ràn. Ti dùùrù náà rèé. Ẹ̀rọ kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò tí wọ́n fi awọ àgùntàn di igun rẹ̀; irin tàbí òkúta orí àpò ló ń tẹ afẹ́fẹ́ náà kí agbára rẹ̀ má baà yí. Láti ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú àpótí tí àwọn fèrè dúró lé. A tẹ kíì, ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí nínú àpótí, fèrè ké.

Ní Èkìtì, ọyẹ́ ló ń ba àpótí yìí jẹ́. Igi á gbẹ, á sán, afẹ́fẹ́ á gba ojú sísán náà dé abẹ́ fèrè tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, a ó sì máa gbọ́ ìkùn rẹ̀ lábẹ́ orin, ní àkókò Kérésìmesì gan-an tí a nílò rẹ̀ jù. Tí òjò bá dé, igi á wú. Kíì tàbí ilẹ̀kùn á há, ohùn kan á sì máa ké lọ lẹ́yìn tí atẹdùùrù ti gbọ́wọ́ kúrò.

Kí ẹ tó tún fèrè kankan ṣe, ẹ wọn afẹ́fẹ́. Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ẹ ká a sókè lápá méjèèjì, ẹ bu omi dé ìdajì, kí ẹ yọ fèrè kan, kí ẹ ki ẹnu kan rọ́bà náà bọ ihò tí fèrè yẹn ń dúró sí, kí ẹ sì tẹ kíì rẹ̀. Nínú dùùrù kékeré, omi apá kejì sábà máa ń fi nǹkan bíi 60 sí 80 mìlímítà ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò. Ẹ má gbé òkúta kún un láti fi bo jíjò: àwọn fèrè tí ara wọn dá á fò kọjá ohùn wọn.

Awọ tuntun ni kí ẹ lẹ̀, kí ẹ sì lò gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran. Omi gbígbóná lè tú u lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà á ya igi. Ọgbọ́n tó wà nínú dùùrù yìí nìyẹn: kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ tí kò ṣeé tú, kó sì ṣeé tún ṣe.

Fèrè fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ju ìnù lọ: eruku, àti ilé amọ̀ tí kòkòrò mọ sí ẹnu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò. Tí ọ̀bẹ bá ha ètè fèrè, ohùn rẹ̀ yí nìyẹn, nítorí etí ètè yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń di ohùn.

Ìgbẹ̀yìn ni títún ohùn ṣe. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì (°C) lọ sókè, ohùn fèrè á gòkè tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo kíì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ìgbà tí ooru ṣọ́ọ̀ṣì bá rí bíi ti àkókò ìsìn ni kí ẹ tún un ṣe, kì í ṣe ìdájí ọyẹ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa fa afẹ́fẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé tí jẹnẹrétọ̀ wà: afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ á sọ ohùn di aláìbáramu, eruku á sì wọ abẹ́ àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.