Àbálára: kì í ṣe ẹjọ́, kì í sì í ṣe kéèsì

Ní ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, mo ṣí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Èkó ní "ẹjọ́ tuntun". Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti wọ́ gómìnà lọ sí kóòtù ni. Ẹjọ́! Àrùn wọ̀lú, wọ́n ní ẹjọ́ ló wọ̀lú. Ta ló pe ta lẹ́jọ́? Adájọ́ wo ló fẹ́ dá a? Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló túmọ̀ "new cases" ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn tí àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé àrùn wà lára wọn, àmọ́ ẹ̀rọ kọ́ ló gbé e jáde. Èèyàn ẹlẹ́ran ara tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ló wò ó tó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní "kéèsì". Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò ṣọ̀tá. Mo ń wọ bùbá, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Òyìngbò pé kí ni kéèsì. Yóò ní ọmọ òun ní kéèsì ní àgọ́ ọlọ́pàá. A tún ti padà sí kóòtù nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ka ìròyìn lórí rédíò rọ̀ mọ́ "ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun", ó sì ń bínú sí mi títí di òní pé mi ò gbà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí mọ́tò já sí kòtò. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí iná jó ọjà. Èèyàn tó ń húkọ́ nílé kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀.

Èyí tó dùn létí jù nínú gbogbo wọn ni "iye àwọn tó kó àrùn lónìí". Òun ni mo sì kórìíra jù, nítorí pé irọ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ iye tó kó o lónìí. Ẹni tí wọ́n kà lónìí ti lè kó o láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, ó mu àgbo, ó mu oògùn ibà, kò lọ, ó wá lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ nímú, òwú náà tò sórí ìlà nílé àyẹ̀wò, èsì jáde, wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti òní.

Ohun tí èmi ń pè é ni àbálára. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá a lára rẹ̀: à-bá-lára. Àwọn kan ti ní mo ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ wo? Ṣé a kì í sọ pé àṣà àbáláyé? Ohun tí a bá láyé nígbà tí a dé ni. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹ sì wo iṣẹ́ tí "bá" ń ṣe níbẹ̀: kò lè sí bíbá láìsí ẹni tó wá a lọ. Ibi tí wọn kò bá wá a dé, wọn kò lè bá a níbẹ̀, bó tilẹ̀ kún inú ilé fọ́fọ́. Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa iye ojoojúmọ́ ti wà nínú sílébù kan yẹn.

Ẹ wo alájọ ojoojúmọ́. Mi ò sọ ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gbájọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ tí kì í sì í ṣì í (òun náà ni wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, ẹ má jẹ́ n bọ́ sí ìyẹn). Alájọ tèmi ní ìwé lọ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ro owó pọ̀, ó kọ iye sílẹ̀. Ṣé iye tí ọjà tà lónìí ló kọ? Rárá o. Ohun tó bá lọ́wọ́ wọn ló kọ, àbálọ́wọ́. Òjò rọ̀, kò dé ìlà àwọn aláta, iye wálẹ̀. Kò jáde lọ́jọ́ Àìkú. Tó di ọjọ́ Ajé, ìyá oníṣu san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀, iye fò sókè. Ó gba ọmọ iṣẹ́ méjì, ìwé kún, bẹ́ẹ̀ ọjà kò fi kọ́bọ̀ kan tà ju ti àná lọ. Ẹni tó jókòó ti ìwé yẹn tó ń pariwo pé ọjà ti kú tàbí pé ọjà ti jí, kò tíì dé ọjà rí.

Bí ti Èkó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n bá a lára ẹni àkọ́kọ́, ará Ítálì kan tó wọ Èkó láti Milan. Lẹ́yìn náà ni NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye jáde lálaalẹ́, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, a sì ń jí wò ó bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Ilé àyẹ̀wò tó lè ṣe é nígbà náà kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, NCDC àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yábàá wọ ilé dé ilé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ àwọn tí àrùn náà ti gba ara wọn kọjá. Ní Èkó, nǹkan bíi 23 nínú èèyàn 100 ló ti ní i rí. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ìlú tó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn. Àbálára Èkó látìbẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà yẹn kò tó 25,000. Kí ẹni tó ń kọ "iye àwọn tó kó àrùn" wá sọ ibi tó fi àwọn yòókù sí.

Ti àwọn tó kú kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, ikú ni ikú ń jẹ́. Àmọ́ wọn kì í ka òkú tí wọn kò yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹrin 2020, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ní Kánò ń ké pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn, ìwé ìjọba kò sì fi irú rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kẹfà, mínísítà ètò ìlera, Osagie Ehanire, sọ pé èèyàn 979 ló kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tó wà nínú ìlú náà, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kòrónà ló fa ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó wà lákọsílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Kánò nígbà yẹn kò tó 100. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò dúró kí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè kígbe: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, wọ́n fi òkú 3,778 kún iye wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn tí dókítà gbà pé Kòrónà ló pa, tí àyẹ̀wò kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má sì fi àbálára òní pín òkú òní láti mọ bí àrùn náà ṣe ń pani tó. Ẹni tó kú lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti bá a lára rẹ̀.

Nítorí irú ọjọ́ Àìkú alájọ yẹn ni wọ́n ṣe máa ń ro àbálára ọjọ́ méje pọ̀, tí wọ́n á pín in sí méje, tí wọ́n á sì tún un ṣe lọ́la pẹ̀lú ọjọ́ tuntun kan, kí ti àtijọ́ jù lọ bọ́ sílẹ̀. Ìpíndọ́gba ọlọ́jọ́ méje ni mo ń pè é. Mo ti rí ẹni tó pè é ní "agbedeméjì". Kó to iye méjèèje láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kó mú ìkẹrin: ìyẹn ni agbedeméjì, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ tirẹ̀.