Bí Ẹ̀kọ́ Ìfarabalẹ̀ Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Alárùn Jẹjẹrẹ

Lọ́dún 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ Donald Oken gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Dókítà 219 ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ilé ìwòsàn Michael Reese ní Chicago: bí ẹ bá rí jẹjẹrẹ lára ẹnì kan, ṣé ẹ máa ń sọ fún un? Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 wọn ló dáhùn pé àwọn kì í fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé ìròyìn náà á gba ìrètí lọ́wọ́ aláìsàn, nítorí náà wọ́n á pè é ní kókó, wọ́n á pè é ní egbò, wọ́n á sì kó òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mọ̀lẹ́bí níkọ̀kọ̀.

Ìwà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Títí di òní, nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, àkọ́bí ni dókítà máa ń pè sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ilé á sì fẹnu kò pé ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́. Màmá ń gba oògùn, irun orí ń re dànù, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Mi ò bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ jà, ìfẹ́ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é kò lè béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, kò sì mọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń sunkún ní kíṣìnì. Ẹ̀kọ́ wo lèèyàn fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1961. Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe fara balẹ̀ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé àìsàn náà wà.

Ọ̀rọ̀ náà sì yí padà kíákíá. Nígbà tí wọ́n tún gbé irú ìbéèrè Oken lọ bá àwọn dókítà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1979, ìdá 97 nínú 100 ló ní sísọ ló sàn. Oògùn ti dára sí i láàárín ìgbà náà, jẹjẹrẹ mélòó kan tó ti ń pani tẹ́lẹ̀ ti ń gbóògùn, àwọn aláìsàn náà sì ti ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i pé sísọ nìkan kò tó. Lọ́dún 1977, nọ́ọ̀sì méjì, Judi Johnson àti Pat Norby, dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní agbègbè Minneapolis, wọ́n pè é ní I Can Cope, ìyẹn “Mo lè fara dà á.” Aláìsàn jókòó síbẹ̀, ìyàwó tàbí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń kọ́ wọn ní ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́, ohun tí ìtọ́jú máa ń ṣe sára, àti bí èèyàn ṣe ń bá ìbẹ̀rù gbé. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló ti wá. Àwọn ló ń gbọ́ ìbéèrè tí aláìsàn kò lè bi dókítà. Ní 1979, ẹgbẹ́ American Cancer Society gba kíláàsì náà, ó sì tàn kálẹ̀ Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 1979 yẹn kan náà, ní ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ọkùnrin kan tí kì í ṣe dókítà oníṣègùn rárá ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn nínú ilé ìwòsàn yunifásítì. Jon Kabat-Zinn lorúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì MIT, lọ́dọ̀ Salvador Luria tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àṣàrò lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà. Ó lọ bá àwọn dókítà pé kí wọ́n fún òun ní àwọn tí ọwọ́ wọn ò ká mọ́: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn fún ọdún pípẹ́, ẹni tí oògùn kò mú oorun wá fún, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kó lọ máa mú un mọ́ra.

Ohun tó ṣe ni pé ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú àṣàrò náà. Kò sí ère, kò sí orin, kò sí ẹni tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún. Ó kù ìṣe lásán, tí àwọn òyìnbó ń pè ní mindfulness, tí èmi ń pè ní ìfarabalẹ̀ níbí: kí èèyàn fi ọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, láìbá a jà. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ̀kọ́ náà wá fìdí múlẹ̀ sí, wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ilé lójoojúmọ́.

Èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí o wò ó, kí o fọwọ́ pa á, kí o gbóòórùn rẹ̀, kí o tó fi í sẹ́nu, kí o má sì kánjú jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dùbúlẹ̀. Olùkọ́ á mú ọkàn yín láti ìka ẹsẹ̀ òsì, lọ sí kókósẹ̀, sí orúnkún, títí dé orí, ó sì lè gba ìṣẹ́jú 45. Bí ọkàn bá sá lọ síbi èsì àyẹ̀wò tí o ń dúró dè, wọn ò ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn ní kí o mọ̀ pé ó ti lọ, kí o sì mú un padà síbi orúnkún. Ẹ wá ro obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ bá dé ibi àyà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìtùnú. Kò ní kó gbójú kúrò níbẹ̀, kò sì ní kó rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ alárùn jẹjẹrẹ ní pàtó, tí wọ́n sì wọn èrè rẹ̀, ni Michael Speca àti Linda Carlson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Tom Baker Cancer Centre ní Calgary, ní Kánádà. Wọ́n gé e kúrú sí ọ̀sẹ̀ 7, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì: apá kan bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, apá kejì ń dúró de ìgbà tiwọn. Aláìsàn 90 ló parí rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2000, ìdààmú ọkàn àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ti fi ìdá 65 nínú 100 dín kù, àmì másùnmáwo sì fi ìdá 31 dín kù. Ní 2013, wọ́n tún gbé èsì mìíràn jáde lórí obìnrin 271 tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú wọn, tí ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìfarabalẹ̀ yìí dín másùnmáwo kù ju ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n fi wé e lọ. Kò sí èyí tó sọ nínú wọn pé àṣàrò ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi í rọ́pò oògùn, ẹ sá fún un.

Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n rántí gbẹ̀yìn, ó sì dùn mí. Ẹni tó ń gbé garawa lóru, tó ń ka iye ìgbà tí bàbá bì, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ta ló ń bi í léèrè bó ṣe sùn? Calgary náà ló gbìyànjú: tọkọtaya 21 jọ lọ sí kíláàsì pọ̀, èsì wọn jáde ní 2010, ara sì tu àwọn méjèèjì, ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹnì kejì rẹ̀. Tọkọtaya 21 kò tó nǹkan.

Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ Society for Integrative Oncology, tó ń rí sí àwọn ọ̀nà ìrànwọ́ tí wọ́n ń fi kún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, jọ gbé ìlànà jáde lórí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, Linda Carlson sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìfarabalẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ní kí dókítà máa fi lọ aláìsàn, nígbà ìtọ́jú àti lẹ́yìn ìtọ́jú. Àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ ìlànà náà fún. Ti ẹni tó gbé garawa kò tíì sí nínú rẹ̀.