Oògùn tó bá mọ́tò dé

Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́: fámásì ni mo ní, kò jìnnà sí Tákíẹ̀ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ bá sì ra oògùn lórí fóònù, owó tó yẹ kó wọ dúrọ́ọ̀ mi ló gba ibòmíì lọ. Nítorí náà ẹ lè yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo bá sọ, mi ò ní bínú.

Ìyá kan ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní "Dọ́kítà" (mo ti ṣàlàyé títí pé èmi kì í ṣe dọ́kítà, ó ti sú mi), wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà, ilé ni wọ́n ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀ wá bá a, ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló dé tí àwọn ṣì ń wá dúró síwájú káńtà mi lóṣooṣù. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Lọ́hùn-ún, oògùn 90 ọjọ́ a máa gba pósí dé ẹnu ọ̀nà, ìnṣọ́ránsì ẹlòmíì gan-an ló máa ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kódà Amazon ti wọnú òwò náà nígbà tí wọ́n ra PillPack, fámásì kan tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sílé, ní 2018. Àmọ́ ohun tí ọmọ ò rí sọ fún ìyá ni pé dọ́kítà ló fi ìwé oògùn ránṣẹ́ sí wọn, fámásísì kan yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dì í, nọ́ńbà tó lè pè tára ẹ̀ ò bá yá sì wà níbẹ̀. Tiwa níbí ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà ẹnì kan ni lórí WhatsApp, ó gbé fọ́tò oògùn sí status, ẹ sanwó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀, ó gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì, dírẹ́bà pè yín pé òun ti dé. Ìyẹn náà la ń pè ní online.

Mi ò ní gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn fámásì gidi wà tó ń tà lórí ayélujára, PCN tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní òfin fún wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ bíi tiwa. Mi ò sì ní bá ẹni tó ń wá oògùn kiri jà. Nígbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, kéde lóṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, Ventolin tí àwọn oníkọ́ fée ń fi ẹnu fà di góòlù, owó ẹ̀ fò sókè, ìgbà míì kò tiẹ̀ sí rárá, èmi fúnra mi ni mo ní kí àwọn kan pe ará wọn l'Ékòó kó bá wọn wá a. Téèyàn ò bá lè mí, ṣé á jókòó máa retí kí ọjà mi dé ni?

Ibi tọ́rọ̀ ti ń dùn mí ni insulin, abẹ́rẹ́ tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún. Ìyá kan láti Òkè Àdó gbé tiwọn wá bá mi, àwọn ń gún un dáadáa, ṣúgà ò wálẹ̀, wọ́n ti ń ṣẹ́ oúnjẹ kù títí ó fi ku ẹ̀wà nìkan. Waybill ni. Ẹni tó tà á fún wọn fẹ́ ṣe dáadáa, ẹ̀rù oòrùn ló bà á, ló bá to pure water tó ti di yìnyín yí ìgò kékeré yẹn ká, ó so nylon mọ́ ọn, ó fi sínú mọ́tò. Irú èyí tí wọ́n ń lò, tẹ́ ẹ bá yí ìgò ẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó yẹ kó funfun bíi mílíìkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo yí i, mo yí i, ó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ni, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí ògì tó gbẹ mọ́ ìdí abọ́. Ó ti dì nínú yìnyín yẹn. Tútù ni insulin fẹ́, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í ṣe kó dì, tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí bó ṣe lè yọ́ tó tó máa padà sípò. Ooru ni gbogbo èèyàn ń sá fún, yìnyín tí wọ́n sá bá ló ba tiwọn jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń lò ó pé ẹ má gbé e sí fírísà, ẹ má sì jẹ́ kó fara kan ibi tí yìnyín máa ń so sí nínú fíríìjì, èyí tẹ́ ẹ ti ṣí tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún bí oṣù kan níbi tí ooru ò ti mú, pàápàá báyìí tí iná ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Oògùn oníkóró ò lẹ́lẹ́gẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ara páálí pé kó má wà níbi tí ooru ẹ̀ ju 30 Celsius lọ, bóòtù mọ́tò tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ bọ̀ nínú oṣù kẹta á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ kí n má parọ́, ọjọ́ kan nínú ooru kì í sábà ba kóró jẹ́. Èyí tó wà lójú oòrùn nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì àdúgbò láti ọdún Àjínde tó kọjá ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù.

Ohun tí mọ́tò ò lè gbé wá ni ojú tó máa wo gbogbo oògùn yín pọ̀. Bàbá kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, kọ́sítọ́mà mi tó ti pẹ́, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, téèyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, á pẹ́ kó tó padà. Ìyàwó wọn ti ní wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, wọ́n ti ń gba omi àdúrà. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń mu wá, títí kan àgbo. Páálí méjì jáde nínú nylon, ọ̀kan tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan tí ọmọ wọn obìnrin rà lórí fóònù nítorí wọ́n ní òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Orúkọ gàdàgbà tó wà lójú páálí yàtọ̀ síra, àmọ́ lẹ́tà kékeré abẹ́ ẹ̀ bára mu: amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, 10 mg níbí, amlodipine 10 mg lọ́hùn-ún. 20 ni bàbá ń dà sẹ́nu lójúmọ́, 10 sì ni òpin ẹ̀ fún àgbà. Kódà èyí tó mọ níwọ̀n a máa mú ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Mo ní kí wọ́n kó páálí méjèèjì lọ bá dọ́kítà wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n bá wọn tún un ṣe, ẹsẹ̀ fọn. Ìyàwó wọn ní omi àdúrà ló jẹ́. Mo ṣe àmín.

Tó bá wá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ rà á lọ́nà jíjìn, kó jẹ́ oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò tipẹ́ tí dọ́kítà ò yí padà, bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí metformin ti àtọ̀gbẹ, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nígbà tó bá ṣì ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, torí mọ́tò lè takú sójú ọ̀nà. Ti ibà kò ṣeé dúró dè. Ti ọmọdé náà, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá sì ń ta tramadol fún yín láìbéèrè ìwé dọ́kítà, ẹ má ra paracetamol gan-an lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC dáa, àmọ́ ẹni tó lè tẹ páálí ayédèrú lè tẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oògùn ibà àti antibiotic fi ní ibi tí wọ́n ń họ, ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀, èsì á dé. Káàdì tí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì gé kù, tí ọjọ́ tó máa kú ti bá èyí tí wọ́n gé lọ, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ èmi ni mo gé e.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín bá fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ ní kó snap iwájú àti ẹ̀yìn páálí náà kó tó sanwó, kẹ́ ẹ gbé fóònù yín wá kí n bá yín kà á mọ́ èyí tẹ́ ẹ ti ní nílé, mi ò ní gba nǹkan kan. Ọjọ́ Sunday, ẹ jẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ná.