Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Àmì-Ẹ̀yẹ Tó Sọnù Padà Sínú Ìwé Sójà Amẹ́ríkà

Ọjọ́ tí sójà Amẹ́ríkà bá bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, ìwé kan ni wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́ kó tó lọ sílé. DD 214 ni wọ́n ń pè é, ọdún 1950 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọjọ́ tó kúrò, ipò tó dé, iṣẹ́ tó ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń lò lóde òní, àpótí kẹtàlá ni wọ́n ń to mẹ́dàlì àti bájì sí. Àpótí kékeré yìí ló ń fa wàhálà. Akọ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ lè fo ìlà kan. Sójà tí ọkàn rẹ̀ ti délé lè fọwọ́ sí i láì kà á tán. Ó lè tó ogójì ọdún kí ọmọ rẹ̀ tó tú àpò ìwé àtijọ́, kó wá bi í pé, “Bàbá, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ yín yìí, ṣé wọn ò fún yín ní nǹkan kan lórí ẹ̀ ni?” Ìwé náà kò ní sọ nǹkan kan.

Àṣìṣe akọ̀wé nìkan kọ́ ló ń fà á. Sójà tó fara gbọgbẹ́ kì í dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n á tún gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn, nígbà míì wọ́n á gbé e kọjá òkun. Àṣẹ tó fún un ní mẹ́dàlì lè jáde ní ilé ìwòsàn tí fáìlì rẹ̀ kò sí, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìwé á máa tọ èèyàn lẹ́yìn, kò ní bá a.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí sójà ti relé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1947, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ gbà pé ẹni tó bá ti gba Combat Infantryman Badge nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn bájì àwọn tó fẹsẹ̀ rìn wọ ojú ìjà, tọ́ sí mẹ́dàlì Bronze Star pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ti padà sí oko àti ilé iṣẹ́ wọn nígbà náà, ẹni tí kò bá sì béèrè kò rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Vietnam. Àṣẹ kan tó jáde ní ọdún 1974 ló fún gbogbo ẹ̀ka ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àmì Gallantry Cross ti ìjọba Vietnam. Ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1967 kò lè rí i nínú ìwé rẹ̀, nítorí ìwé náà dàgbà ju àṣẹ lọ.

Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, iná tún jó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn sójà pamọ́ sí ní ẹ̀gbẹ́ ìlú St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri. Ó jó fún ọjọ́ mélòó kan. Fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ. Nínú fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá 1912 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ṣòfò. Kò sí ẹ̀dà, kò sí fọ́tò wọn níbì kankan. Èyí dun èèyàn gan-an, nítorí àwọn tó ja Ogun Àgbáyé méjèèjì àti ti Korea ni ọ̀ràn náà kàn jù.

Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ni ilẹ̀kùn tó kéré jù. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè fáìlì sójà náà lọ́wọ́ ilé ìkóìwépamọ́ ní St. Louis, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nípa fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF 180. Sójà fúnra rẹ̀ lè béèrè. Bó bá ti kú, ìyàwó tàbí ọkọ tí kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn lè béèrè, àwọn òbí rẹ̀ náà lè béèrè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ìyá rẹ̀. Bó bá ti pé ọdún 62 tí sójà náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì náà ti di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló sì lè sanwó kó gba ẹ̀dà rẹ̀.

Bí àṣẹ mẹ́dàlì náà bá wà nínú fáìlì, tó kàn jẹ́ pé wọn kò kọ ọ́ sí DD 214, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sídìí láti gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọ ìwé àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, tí wọ́n á lọ kó owó fún lọ́yà lórí ohun tí lẹ́tà kan ìbá yanjú.

Bí fáìlì bá ti jóná ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti gba sùúrù, ibẹ̀ náà ni ẹ̀mí ti ń sọjí, nítorí iná kò jó gbogbo nǹkan. Ìwé owó oṣù ṣẹ́kù. Ìwé tí sójà fi béèrè owó àìlera lọ́wọ́ ìjọba wà níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ogun dé ní 1945 ló mú ìwé wọn lọ sí kóòtù àgbègbè wọn kí wọ́n lè bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ẹ̀dà náà sì ṣì wà lọ́pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n èyí tó lágbára jù ni ìwé àràárọ̀ ti kọ́ńpìnnì, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni akọ̀wé kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ẹni tí ipò rẹ̀ yí padà: ẹni tó dé, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tí ọta bà. Orúkọ, nọ́ńbà, ipò, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gígékúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé ó gbọgbẹ́ lójú ìjà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlà kan péré ni. Ìlà yẹn ni ẹni tó ń wá Purple Heart, ìyẹn mẹ́dàlì àwọn tí ọ̀tá ṣe léṣe, ń wá, nítorí òfin mẹ́dàlì náà béèrè ohun mẹ́ta: kí ọgbẹ́ wà, kó jẹ́ ọ̀tá ló fà á, kí oníṣègùn sì ti tọ́jú rẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà ló ń so ìwé pọ̀ ju orúkọ lọ. Títí di ìparí oṣù Kẹfà 1969, ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní nọ́ńbà iṣẹ́ tirẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n ti ń lo nọ́ńbà Social Security, èyí tí ìjọba ń fún ará ìlú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wọṣẹ́ ológun níbẹ̀ lóde òní ní láti fi èyí sọ́kàn. Orúkọ wa gùn, wọ́n a máa gé e, wọ́n a máa fi ti ìdílé ṣe ti ẹni. Ẹlòmíràn sì ti yí tirẹ̀ padà lọ́jọ́ tó di ọmọ ìlú. Bí àṣẹ mẹ́dàlì bá jẹ́ Adébáyọ̀, tí DD 214 sì ń jẹ́ orúkọ mìíràn, kí ìwé ìyípadà orúkọ bá ẹ̀bẹ̀ náà lọ.

Bí ilẹ̀kùn kékeré kò bá ṣí, ó kan ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìwé. Fọ́ọ̀mù wọn ni DD 149. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ti ojú omi àti àwọn Marine jẹ́ ọ̀kan náà, ti òfuurufú ní tirẹ̀, àwọn aṣọ́ etíkun náà ní tiwọn. Alágbádá ló ń jókòó níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá sójà. Ọdún mẹ́ta ni òfin fún èèyàn láti ìgbà tó ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè gbójú fo ìyẹn bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè rẹ̀. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í sábà pe èèyàn wá. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà pé ó tọ́, ẹni tó pẹ̀jọ́ ni yóò fi ẹ̀rí yí wọn lọ́kàn padà. Nítorí náà, ìwé ìbúra ẹni tó wà nínú kòtò kan náà lọ́jọ́ náà, tó sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó fojú rí, níyì ju lẹ́tà mẹ́wàá tó ń yin sójà náà pé akínkanjú ni.

Mẹ́dàlì ìgboyà ṣòro ju ti ọgbẹ́ lọ, nítorí ẹnì kan ní láti ti dábàá rẹ̀ lásìkò. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996 ló fàyè gba aṣòfin àpapọ̀ láti gbé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wá bí àsìkò tilẹ̀ ti kọjá. Ẹ wo ọ̀ràn Waverly Woodson, oníṣègùn ológun aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944, ní etíkun Omaha nílẹ̀ Faransé, òun fúnra rẹ̀ ti gbọgbẹ́ kó tó dé ilẹ̀, síbẹ̀ ó tọ́jú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n wákàtí. Fáìlì rẹ̀ jóná ní 1973. Ó kú ní 2005. Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́, àwọn aṣòfin sì bá a sọ ọ́, títí ìjọba fi kéde Distinguished Service Cross, mẹ́dàlì ìgboyà tó ga ṣe ìkejì, fún un ní 2024, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn tó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sin Amẹ́ríkà nínú ogun yẹn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gba Medal of Honor, mẹ́dàlì ìgboyà tó ga jù, títí di oṣù Kìíní 1997. Méje ni wọ́n fún lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà nínú wọn ti kú.

Bí ẹ̀bẹ̀ bá gbà, wọn kì í sábà tẹ DD 214 tuntun. DD 215 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ojú ìwé kan tó ń bá ti àtijọ́ rìn, kí wọ́n má sì ṣe yà wọ́n lẹ́yìn náà, nítorí ìkan kò pé láìsí èkejì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í pọ̀. Àpótí kẹtàlá, fi kún un: Purple Heart.