Ọmọ ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ lẹ lọ tàbí fàájì

Báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé méjì ti wà lórí fóònù, ẹ ti gba ààyè sílẹ̀ nílé oúnjẹ, alẹ́ ọjọ́ kẹrin sì jẹ́ ti olórin kan tí ẹ ti ń gbọ́ látìgbà tí ẹ ti ń fẹ́ra sọ́nà. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ wá rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ó fẹkún bọnu. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí yín: abiyamọ wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ jayé odindi ọ̀sẹ̀ kan? Wọ́n ní irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sí ọmọ lọ́kàn, pé ọgbẹ́ ọ̀hún kì í jinná.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló gbé yín rìn, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ nídàálẹ̀, àdúrà ni wọ́n á fi sìn yín jáde. Ọjọ́ méje ti eré àti oúnjẹ alẹ́, ó di pé ẹ pa ọmọ tì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ò mọ ìpàdé ọ́fíìsì yàtọ̀ sí agbo eré. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ò sí nílé lónìí. Tí ìpínyà bá ń ba ọmọ jẹ́, ti oníṣẹ́ á bà á jẹ́ bíi ti onífàájì. Èmi ò rò pé ọmọ ló ń dun àwọn tó ń bínú yẹn. Ìgbádùn òbí ló ń dùn wọ́n.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà ò ṣàdédé hù. Lọ́dún 1951, John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa àwọn ọmọ tí kò nílé. Ó ní ọmọ kékeré nílò ìfẹ́ tímọ́tímọ́ tí kò dáwọ́ dúró láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá dúró bí ìyá fún un títí. Apá kejì gbólóhùn yẹn ló já bọ́ sọ́nà. Àwọn ọmọ tí Bowlby ń wí, inú ilé ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní oṣù dé oṣù, láìní ẹnì kan pàtó tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Àwọn èèyàn mú ìyà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ń dẹ́rù ba tọkọtaya tó fẹ́ lọ wo eré. Nígbà tó máa di ọdún 1972, Michael Rutter, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, ti tú ẹ̀rí náà palẹ̀, ó sì fi hàn pé ìpínyà nìkan kọ́ ni ká dá lẹ́bi: ìjà àti gbọ́nmi-si omi-ò-to inú ilé wà lára ohun tó ń ba ìwà ọmọ jẹ́ gan-an.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ James Robertson, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, àti ìyàwó rẹ̀, Joyce. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ń ya fíìmù àwọn ọmọ kéékèèké tí ìyá wọn lọ bímọ nílé ìwòsàn. Ọmọ mẹ́rin wá gbé lọ́dọ̀ àwọn Robertson fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lásìkò tirẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọmọ á ti wá kí wọn, á ti mọ ilé, á ti mọ ojú Joyce. Joyce á ti bi ìyá rẹ̀ bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń sùn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Jane, ọmọ oṣù 17, tó lo ọjọ́ mẹ́wàá. Inú rẹ̀ ò fìgbà gbogbo dùn, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀ nígbà tó dé.

Wọ́n tún ya fíìmù ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní John. Ọmọ oṣù 17 lòun náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló sì lò. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n gbé e sí. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò burú, àmọ́ wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ni; tó bá ti sún mọ́ ọ̀kan, àkókò onítọ̀hún á tó, á relé, tàbí kí ọmọ mìíràn tó lágbára jù ú lọ gba itan mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, John kọ oúnjẹ. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó di béárì ìṣeré ńlá kan mọ́ra. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ó figbe ta, ó ń jà kó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹ wò ó: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kéré lọ̀rọ̀ rẹ̀ burú jù. Ọjọ́ kọ́ ni ká máa kà. Ta ni ẹ fi ọmọ tì, ṣé ẹni yẹn náà ló máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ọmọ sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Àwọn olùṣèwádìí méjì, Rudolph Schaffer àti Peggy Emerson, tọpa ọmọ ọwọ́ 60 ní ìlú Glasgow, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1964: nígbà tí àwọn ọmọ náà fi máa pé oṣù 18, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti sún mọ́ ju ẹnì kan lọ tímọ́tímọ́. Ààyè wà lọ́kàn ọmọ fún ìyá àgbà, fún àbúrò bàbá, fún àǹtí tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹtí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ńkọ́, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá yín? Àlejò ni lójú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sun ọ̀dọ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà méjì.

Ọjọ́ orí náà ní tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ títí dé ọdún méjì ni ìpínyà máa ń dun ọmọ jù. Tí ẹ bá lè sún ọ̀sẹ̀ náà síwájú, ẹ sún un. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́lọ́wọ́, ọmú fúnra rẹ̀ á sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kìíní pé ọjọ́ méje ti pọ̀ jù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni yíyọ́ lọ. "Ẹ má jẹ́ kó rí yín o!" Àwa náà ti ṣe é rí. Wọ́n fi nǹkan ìṣeré tan ọmọ wọ yàrá, a gba ẹ̀yìn jáde, a rò pé a gbọ́n. Nígbà tí a dé, ọmọ náà ń tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń béèrè bóyá a ṣì wà níbẹ̀. Ẹkún ojú ọ̀nà kì í pẹ́ tán bí ẹni tó mọ̀ bá gbé e. Ìfura ló máa ń pẹ́. Nígbà kejì, a lẹ ìwé méje mọ́ ògiri, a ní kó máa já ọ̀kan láràárọ̀, torí kí ni "ọ̀sẹ̀ kan" já mọ́ létí ọmọ ọdún mẹ́ta? Tí ẹ bá padà tó sì ṣe bí ẹni pé kò rí yín fún wákàtí díẹ̀, ẹ fún un láyè. Owó tí ẹ jẹ ẹ́ ló ń gbà.

Ẹ̀yin méjèèjì wá ńkọ́? Lọ́dún 2000, Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so àwọn tọkọtaya pọ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rá kòrò gba orí ìdènà kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rí láàárín wọn, láìfọwọ́ mú un. Àwọn tó ṣe eré yìí sọ pé inú wọn dùn sí ara wọn ju àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò dùn rárá. Ohun tuntun tí ẹ jọ ṣe ló ṣiṣẹ́, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn eré ojú agbo ju kí ẹ jókòó ti fóònù ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ìgbéyàwó tó ti ń dà wó tẹ́lẹ̀, èmi ò ní fi tíkẹ́ẹ̀tì tún un ṣe.

Ẹ má sì retí pé ọjọ́ kìíní á dùn. Ìyàwó mi wo fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin kí aṣọ ìtàgé tó ká. Lẹ́yìn eré a lọ jẹun, wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó ń gbóná, ariwo kankan ò sí. Mo ti gé ẹran inú àwo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tán kí n tó rántí pé eyín rẹ̀ pé.