Bí ìtọ́jú tálákà ṣe di òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa olówó àti tálákà láyé àwọn ọba Tudor (1485 sí 1603), ẹ má fi mọ sórí búrẹ́dì funfun olówó àti búrẹ́dì dúdú tálákà. Ẹ ní kí wọ́n bèèrè pé: ta ló ń bọ́ ẹni tí kò rí èyíkéyìí jẹ?

Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún ìsìn Ọlọ́run, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí oúnjẹ gbà tẹ́lẹ̀. Láàárín 1536 sí 1540, Ọba Henry Kẹjọ ti àwọn ilé náà pa, ó gba ilẹ̀ wọn, ó sì ta èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fáwọn ọlọ́lá.

Pàṣán ni ìjọba kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Òfin 1531 fún arúgbó àti aláìsàn níwèé àṣẹ láti ṣagbe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tára rẹ̀ le bá ṣagbe, wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòhò, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọmọlanke, wọ́n á sì nà án káàkiri ìlú títí ẹ̀jẹ̀ á fi bò ó. Ti 1547 tún burú jù: irin gbígbóná ni wọ́n ní kí wọ́n fi tẹ lẹ́tà V sí i láyà, kó sì ṣẹrú fún ọdún 2. Kò pé ọdún 3 tí wọ́n fi fagi lé e. Àṣìṣe wọn ni pé wọn ò gbà pé èèyàn lè lágbára kó má sì ríṣẹ́.

Ìlú Norwich ló la ojú ọ̀pọ̀. Ní 1570, wọ́n ka tálákà ìlú náà láti ilé dé ilé, wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n lé ní 2,300. Àwọn obìnrin tó ń ran òwú irun àgùntàn lójoojúmọ́ kún inú wọn bámú: wọ́n ń ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ ni kò tó jẹun.

Ní 1572, ó di dandan fáwọn ará ìlú láti máa san owó ìtọ́jú tálákà. Ọdún 4 lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ìlú ra irun àgùntàn àti irin sílẹ̀ káwọn aláìríṣẹ́ lè rí nǹkan ṣe. Òfin 1598 àti 1601 wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: lọ́dọọdún, nígbà Àjíǹde, páríìṣì kọ̀ọ̀kan (àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) á yan alábòójútó 2 sí 4. Àwọn ni yóò bu owó òde lé onílé bí ohun ìní rẹ̀ bá ṣe tó, tí wọn yóò fi bọ́ arúgbó, tí wọn yóò sì fi ọmọ tálákà sẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin títí á fi pé ọmọ ọdún 24, obìnrin títí á fi pé ọmọ ọdún 21 tàbí kó lọ́kọ.

Ibi tó ti wọ́ nìyí: páríìṣì kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ àpò tirẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ààlà sílẹ̀ kíláàsì, kí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ páríìṣì kan, kẹ́ ẹ fún un ní ẹ̀wà 20 tó dúró fún owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé aboyún àjèjì kan ti dé, pé ibi tó bá bímọ sí ni yóò máa bọ́ ọmọ náà. Ẹ máa wo ìhà tí wọ́n á tì í sí.