Ibi Tí Ìwé Ìlànà Heathrow Ti Ṣẹ̀ Wá

Kí Heathrow tó di ibi tí ará Èkó tó bá balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ti ń tò síwájú àwọn ìmígíréṣọ̀n, abúlé kékeré kan ni, Heath Row lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1944, ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Ìlú Ọba fi agbára àsìkò ogun gba ilẹ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun òfurufú ló fẹ́ lò ó. Harold Balfour, tó jẹ́ igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ òfurufú nígbà náà, fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1973 pé pápákọ̀ èrò ló wà lọ́kàn òun látilẹ̀. Ogun ni wọ́n fi bojú, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n sí àpérò. Nígbà tó fi máa di 1946, bàálù èrò ti ń gbéra níbẹ̀.

Àpérò tí wọ́n sá fún wá padà gbẹ̀san. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé èrò karùn-ún, Terminal 5, ọdún 1993 ni wọ́n tọrọ àyè. Ìgbẹ́jọ́ gbogboògbò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, 1999 ló parí, ọjọ́ 524 ni wọ́n fi jókòó. Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 2001, èrò sì wọ̀ ọ́ ní 2008. Gbogbo ẹni tó bá dìde ló ń tú u palẹ̀: ṣé orílẹ̀-èdè tiẹ̀ nílò rẹ̀, ariwo ńkọ́, ọ̀nà mọ́tò ńkọ́?

Ọjọ́ 524 yẹn wà lára ohun tó bí òfin 2008 lórí ètò ìkọ́lé. Òfin náà ní kí ìjọba kọ ìwé ìlànà fún iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, kó ti sọ níbẹ̀ bóyá orílẹ̀-èdè nílò rẹ̀, kí wọ́n má tún un jà mọ́ níbi ìgbẹ́jọ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí ti fẹnu kò pé àwọn máa fọmọ fọ́kọ: ẹni tó bá pẹ́ dé kò lè béèrè mọ́ bóyá ká fi í fún wọn, aṣọ ẹbí àti oúnjẹ ló kù tó lè jà sí.

Síbẹ̀, ti Heathrow kò yá. Ìjọba Labour fọwọ́ sí rọ́ńwéè kẹta, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí, fún Heathrow lọ́dún 2009, ìjọba tó dé lọ́dún 2010 sì wọ́gi lé e. Lọ́dún 2012 wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ Howard Davies. Ìgbìmọ̀ náà wo ọ̀rọ̀ Gatwick, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, ó da àbá pápákọ̀ orí erékùṣù tí Boris Johnson, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, fẹ́ kí wọ́n ṣe lẹ́nu odò Thames nù, ó wá ní Heathrow ni kí wọ́n kọ́ rọ́ńwéè sí lọ́dún 2015.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2018 ni ilé aṣòfin dìbò fọwọ́ sí ìwé ìlànà Heathrow, 415 sí 119. Johnson, tó ti búra pé òun máa dùbúlẹ̀ síwájú katapílà kí wọ́n má baà kọ́ rọ́ńwéè náà, wà ní Afganísítánì lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìwé náà ní kí rọ́ńwéè gùn tó mítà 3,500, kó gba bàálù 260,000 lé sí i lọ́dún, kí bàálù má sì fò fún wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lóru. Abúlé Longford, Harmondsworth àti Sipson ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Àríyànjiyàn kò tán, ó kàn ṣí lọ sí kóòtù. Lóṣù kejì 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìwé náà kò bófin mu, torí pé ìjọba kò ka àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́ sí. Lóṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà sẹ́sẹ̀. Àmọ́ kòrónà ti sọ ojú òfurufú dahoro nígbà náà.

Lóṣù kìíní 2025, Rachel Reeves, mínísítà ìṣúná, ní ìjọba ti tún wà lẹ́yìn rọ́ńwéè kẹta. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé ìwé 2018 padà sórí tábìlì láti tún un kọ.